Eérú, ológbò àti eku: bí mo ṣe dí ilé aró wa ní Òṣogbo

Aró ni iṣẹ́ ilé wa. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń kì wá, ìyá mi sì jogún ìkòkò aró mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá tiwọn. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Báálè la ti ń ṣe é, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. A ó fi láfún àti álọ́ọ̀mù díẹ̀ ro ẹ̀kọ, a ó fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ funfun, a ó sá a kó gbẹ, lẹ́yìn náà la ó rì í bọ aró. Mo ń sọ èyí nítorí pé láfún yẹn, àti eérú tí a fi ń ṣe omi aró, ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Oṣù Igbe ni mo bẹ̀rẹ̀, mo sì parí rẹ̀ nínú Agẹmọ, nígbà tí iṣẹ́ ọdún Ọ̀ṣun ti ń pọ̀ lọ́wọ́ wa, torí pé àwọn àlejò tó ń wá sí ọdún náà ní oṣù Ògún máa ń ra àdìrẹ gan-an. Inú ìwé tí mo fi ń kọ iye aṣọ ni mo ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó dára.

1. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Bí ológbò bá rí ibi gbígbẹ tó rọ̀, kì í yàgbẹ́ sí ilẹ̀ tútù. Ó fẹ́ ibi tí yóò lè fi ọwọ́ wa, kó sì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹ̀yìnkùlé di ẹrọ̀fọ̀, ibì kan ṣoṣo tó ṣì gbẹ ni abẹ́ àtíbàbà tí à ń kó eérú sí. Eérú igi àti ti èèpo kòkó ni. A ti jọ ọ́, ó kúnná bí ìyẹ̀fun, òkìtì rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, 3 ní ìbú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ bu eérú sínú ajere kí n lè da omi lé e. Mo ki ọwọ́ bọ òkìtì láìwò. Nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ ló kan ìka mi, òórùn rẹ̀ sì ti gba imú mi kí n tó fa ọwọ́ yọ. Nígbà tí mo fi ṣọ́bìrì tú òkìtì náà wò, ojú méje ni mo ti bá ìgbẹ́ ológbò. Òmíràn ti gbẹ, òmíràn kò tí ì tó wákàtí kan. Àpò eérú méjì la dànù lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló bá a lọ.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ìyàwó àbúrò mi lóyún oṣù mẹ́rin, òun ló sì ń bá wa jọ eérú. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un níbi ìtọ́jú aboyún pé kó má fọwọ́ kan ìgbẹ́ ológbò, torí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma lè gba ara ìyá dé ara ọmọ inú. Ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tí ì lè ran ènìyàn. Ó máa ń gba kòkòrò náà tó ọjọ́ 1 sí 5 kó tó ní agbára yẹn. Ìgbẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀, irú èyí tó sì wà nínú eérú wa nìyẹn. Mo gba asẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wa lọ́jọ́ náà, n kò sì jẹ́ kó súnmọ́ àtíbàbà mọ́.

Ológbò márùn-ún ni mo kà: abo pupa kan, akọ dúdú kan tí etí rẹ̀ ọ̀tún ya, àti mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọra. Kò sí ẹni tó ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń ké lóru, àwọn ará ilé kan ń sọ̀rọ̀ àjẹ́. Gígùn ni wọ́n ń gùn, ohun tó sì ń fa ariwo náà nìyẹn.

2. Àwọn ohun tí mo dán wò tí kò gbè mí

Omi àti igi ni mo kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń lé wọn lọ́sàn-án, wọ́n á sì padà wá lóru nígbà tí mo bá ti sùn.

Lẹ́yìn náà mo ra káńfọ̀ ₦1,000, mo sì tò ó yí òkìtì eérú ká. Ní ọjọ́ kejì mo bá ọmọ ayálégbé wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó mú ẹyọ kan lọ́wọ́, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu torí ó jọ súwíìtì lójú rẹ̀. Àyà mi já. Káńfọ̀ funfun yẹn máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, pàápàá lára àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní àìpé kan tó wọ́pọ̀ ní agbègbè tiwa yìí, ó sì léwu fún ológbò fúnra rẹ̀. Mo ṣà á nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kà á títí tó fi pé, mo sì wẹ ọwọ́ ọmọ náà. Mo bẹ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bílíìṣì tí à ń fi fọ aṣọ funfun, ₦800. Ológbò ti tọ̀ sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, mo sì rò pé bílíìṣì yóò pa òórùn náà. Mo dà á sórí ìtọ̀ tó ṣì tutù, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta, mo ń wúkọ́. Ammonia wà nínú ìtọ̀, bó bá sì pàdé bílíìṣì, èéfín burúkú ló ń jáde. Àṣìṣe ńlá ni mo ṣe níbẹ̀. Akọ dúdú náà tún wá tọ̀ síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, bí ẹni pé n kò fọ nǹkan kan.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún òórùn ìtọ̀ ni kí n kọ́kọ́ fi omi lásán àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ dáadáa, kí n wá da fínígà tí mo fi omi lú ní ìdajì-ìdajì sí i, kí n fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí oòrùn sì gbẹ ẹ́. Igo fínígà méjì tán síbẹ̀, ₦3,000. Ẹ má ṣe da fínígà àti bílíìṣì pọ̀ rárá o, èéfín tiwọn náà kò dára.

Èèpo ọsàn ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó gbẹ, òórùn rẹ̀ lọ. Èyí tí òjò pa sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, eṣinṣin bò ó. Mo kó o dànù.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á dúró sí. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé ebi ló ń pa àwọn ológbò náà, pé kí n máa gbé oúnjẹ fún wọn lẹ́yìn ògiri, kí wọ́n lè jókòó sọ́hùn-ún. Ó wọ̀ mí létí, nítorí n kò fẹ́ ṣe wọ́n níbi. Alaalẹ́ ni mo ń gbé egungun ẹja àti ẹ̀bà àjẹkù sínú àwo kan. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n fi ẹ̀bà sílẹ̀. Wọ́n sì dínkù nínú eérú lóòótọ́. Inú mi ń dùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, n kò sì bi ara mi léèrè ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà tó ṣẹ́kù, torí gbogbo àárọ̀ ni àwo náà ń mọ́ féfé.

3. Aṣọ mẹ́rin

Ọjọ́ kejìlá ni mo ṣí sítọ́ọ̀ láti kó aṣọ tí a ti kọ ẹ̀kọ sí, tó ń dúró de aró. Ọ̀pá márùn-ún márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tú àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ wọlé. Ibi tí ẹ̀kọ wà nìkan ni eku ti jẹ. Wọ́n tẹ̀ lé ọnà tí ìyá mi fi ìyẹ́ kọ, ìlà sí ìlà, wọ́n jẹ láfún náà pẹ̀lú aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè fi ìka tọ ojú ihò náà kí ẹ sì mọ ọnà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣọ mẹ́rin ló bá a lọ, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ti ìyá mi.

Ìyá mi gbé aṣọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"Àbẹ̀kẹ́, oúnjẹ ta lò ń gbé sẹ́yìn ògiri?"

"Ti àwọn ológbò ni, Mà."

"Ológbò tó yó kì í fi bẹ́ẹ̀ dọdẹ. Àwọn eku lò ń bọ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ, ebi ń lé àwọn ológbò yẹn yí sítọ́ọ̀ wa ká lóru, èkúté kò sì ráyè. Èmi ni mo pe èkúté wá, tí mo sì tún mú ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. A ti ń pa á lówe pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé eku, ṣùgbọ́n n kò rò ó dé inú sítọ́ọ̀ tiwa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ètò padà: iṣẹ́ eku ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, kó parí, kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ológbò.

4. Kíka eérú

N kò mọ ibi tí eku ń gbà wọlé. Mo ronú pé eérú tó kó mi sínú wàhálà yìí lè ṣe mí lóore. Mo fi asẹ́ aṣọ jọ èyí tó kúnná jù, mo rọra fọ́n ọn sórí páálí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó má nípọn ju awẹ́ ìwé kan lọ. Mo tẹ́ páálí méje: ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ méjì, abẹ́ fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwẹ̀, orí ògiri níbi tí páànù ti bà lé e, ẹnu ihò àjà, àti ẹ̀gbẹ́ òkìtì.

Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá lórí páálí náà, gbogbo rẹ̀ á hàn. Ẹsẹ̀ ológbò rí roboto, ìka mẹ́rin, kò sí ojú èékánná nítorí ó máa ń fà á wọlé bó bá ń rìn. Ti ajá ní ojú èékánná. Ti eku kéré, ìka mẹ́rin níwájú, márùn-ún lẹ́yìn, ẹ ó sì máa rí ìlà tín-ín-rín láàárín níbi tí ìrù ti ń wọ́ nílẹ̀.

Òru mẹ́ta ni mo fi kà á. Eku ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ihò páìpù ilé ìwẹ̀, àti àwọn àlàfo tó wà lábẹ́ páànù. Ológbò ń gba orí ògiri tó kọjú sí ilé Màmá Ẹlẹ́ja, aládùúgbò wa, bọ́ sórí páànù, ó sì ń wọ àjà láti ibẹ̀. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra pátápátá. Ká ní mo mọ èyí tẹ́lẹ̀ ni, n kò ní ná ìdajì owó tí mo ná.

5. Dídí ihò eku

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí bírò bá lè wọ̀, eku kékeré á wọ̀ ọ́. Èyí tí àtàǹpàkò bá sì lè wọ̀, èkúté ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ̀ ọ́. Bírò ni mo fi wọn gbogbo rẹ̀. Ihò mẹ́tàlélógún ni mo fi ẹfun sàmì sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Mo ra nẹ́ẹ̀tì adìẹ ₦6,000, mo sì kàn án mọ́ àlàfo abẹ́ páànù. Ojú nẹ́ẹ̀tì náà tó íńṣì 1. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ipa eku wà nínú eérú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní ti ihò ògiri, mo fi fóòmù dí i, mo sì fi sìmẹ́ńtì tí iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù rẹ́ ojú rẹ̀. Òru méjì péré, wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde. Wúruwùru fóòmù ló kún ilẹ̀.

Bíríkìlà kan ládùúgbò ló kọ́ mi ní èyí tó dúró:

– Ra kànìnkànìn onírin tí à ń fi fọ ìkòkò, ki í bọ ihò kó le. Eyín eku kì í gba inú rẹ̀ kọjá.
– Po sìmẹ́ńtì òṣùwọ̀n 1 pẹ̀lú iyanrìn 3, kó le díẹ̀, kí o sì fi rẹ́ ojú ihò náà ní nínípọn íńṣì 1.
– Fi omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kó má baà sán.
– Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì lọ ni kí o fi sí abẹ́ páànù àti ẹnu páìpù.

Wẹ́dà ló ṣe abẹ́ ilẹ̀kùn. Àlàfo tó wà níbẹ̀ tó íńṣì 1. Ó gé pẹlẹbẹ irin tí gíga rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4, ó fi ṣúrúù mú un mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn títí bírò fi kọ̀ láti wọ abẹ́ rẹ̀.

Láfún àti aṣọ ẹlẹ́kọ kúrò nínú àpò, wọ́n bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù oníke méjì tí ìdérí wọn ń lọ́ pa. Àwo ẹ̀yìn ògiri di gbígbé kúrò. Mo sì gé gbogbo koríko tó súnmọ́ ògiri dé ẹsẹ̀ bàtà 2, torí inú koríko ni eku ń fara pamọ́ sí. Wọ́n ní kí n gbin kóòkó ọba síbẹ̀ pé òórùn rẹ̀ ń lé ológbò. N kò gbìn ín. Igbó tó ń lé ológbò tó sì ń fi eku pamọ́ kò wúlò fún mi.

Àwọn tó ti wà nínú ilé ló kù. Ọkùnrin kan ní ọjà Orísunbáre fẹ́ tà mí ní oògùn olómi tí kò ní àmì kankan lára ìgò. Mo kọ̀ ọ́. Eku tó bá jẹ ẹ́ á lọ kú sínú àjà, ológbò tó bá gbé e jẹ náà lè kú, ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn sì ṣì wà nílé. Tàkúté mẹ́fà ni mo rà, ₦1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òru méjì àkọ́kọ́, kò mú nǹkan kan. Èkúté máa ń bẹ̀rù ohun tuntun. Mo fi ẹ̀pà lílọ̀ sí wọn láìdẹ wọ́n fún òru mẹ́ta, kí wọ́n jẹ ẹ́ kó mọ́ wọn lára, mo sì yí wọn padà kí ojú ibi tí ẹ̀pà wà kọ ògiri, nítorí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni eku ń tọ̀. Òru kẹrin mo dẹ gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Òru mẹ́sàn-án, mọ́kànlá. Asín kan wà lára wọn, ó dùn mí, nítorí asín kì í ṣe eku bí a ṣe ń rò. Aáyán àti kòkòrò ló ń jẹ, kò sì ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ láfún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku gbígbẹ. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti mọ ibà Lassa ní ìlú Lassa ní Borno ni a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé e, Òǹdó tó múlé gbè wá sì wà lára ibi tó ti ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi bílíìṣì tí mo là pọ̀ mọ́ omi rin ìgbẹ́ náà, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fi àkísà kó o, mo sì rì í mọ́lẹ̀.

6. Àwọn ọmọ tó wà lájà

Èyí ni àṣìṣe tó wúwo jù lọ́kàn mi. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gun àkàbà, mo fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ihò tí àwọn ológbò ń gbà wọ àjà. Íńṣì 5 ni ìbú rẹ̀. N kò yẹ inú rẹ̀ wò. Mo kà á sí iṣẹ́ tó parí, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, abo pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí páànù. Igbe náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ké bí wọ́n bá ń gùn. Ó kúrú, ó ń tún un ké, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Èsì sì ń wá, fínínfínín, láti òkè orí ibùsùn mi. Mo dìde. Mo gbé àkàbà nínú òkùnkùn, òjò ń ṣẹ̀, mo fi ẹ̀mú já gbogbo ìṣó tí mo kàn. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì wọlé, ọmọ mẹ́ta ló wà lórí àkísà àdìrẹ àtijọ́ kan. Ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là, wọn kò lè pé ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìyá wọn fẹ̀gbẹ́ kọjá lára apá mi wọlé, kò bẹ̀rù mi rárá.

Mo fi ihò náà sílẹ̀. Ní òru kẹta mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí i tó gbé wọn jáde, ó fi eyín mú awọ ọrùn wọn, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà mẹ́ta ló lọ, ìgbà mẹ́ta ló bọ̀. Ìgbà tó padà lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọ inú àjà lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ku ọ̀kan, ó sì jáde. Mo tẹ́ eérú sẹ́nu ihò fún òru mẹ́ta sí i. Nígbà tí n kò rí ipasẹ̀ kankan mọ́ ni mo tó dí i. Ẹni tó bá fẹ́ dí àjà, kó kọ́kọ́ gbọ́, kó wò ó, kó sì tẹ́ eérú.

7. Ìdérí eérú

Nẹ́ẹ̀tì adìẹ tí mo fi ṣòfò lórí eku ló wúlò níbí, nítorí ológbò kò lè gba ojú íńṣì 1, kò sì fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa há sínú wáyà. Káfíńtà kan igi íńṣì 2 sí 2 pọ̀ di férémù ẹsẹ̀ bàtà 4½ sí 3½, a na nẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀, a fi hínjì méjì so ó mọ́ pákó ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ń wọ eérú, ológbò kò wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti bu eérú tán, mo ń dé e kí n tó gbé ajere. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì yàgbẹ́ síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

8. Páìpù tó ń yí

Igun ògiri ẹsẹ̀ bàtà 6 tó kọjú sí ilé Màmá Ẹlẹ́ja ni ọ̀nà wọn. Ìyá mi kò fẹ́ àfọ́kù ìgò lórí ògiri, èmi náà kò fẹ́ ẹ. Páìpù oníke íńṣì 3 ni mo fi sí i, ẹsẹ̀ bàtà 9, tí mo gé sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè máa yí. Bí ológbò bá fò, tó fọwọ́ gbá a mú, páìpù á yí, á sì sọ ọ́ padà sílẹ̀ síbi tó ti wá.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fà gba inú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta wáyà ti dẹ̀, páìpù àárín rọ̀ jókòó lé orí ògiri, kò yí mọ́, akọ dúdú sì ń gun orí rẹ̀ bí àkàbà. Mo tú u. Mo wá ọ̀pá irin tó nípọn mílímítà 10 tó ṣẹ́kù níbi ilé tí wọ́n ń kọ́, wẹ́dà sì jó irin mẹ́rin tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ láti gbé e dúró. Páìpù kúrò lórí ògiri pẹ̀lú ìdajì íńṣì, àlàfo àárín wọn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka kan péré ni mo fi ń yí i báyìí.

9. Ọ̀dọ̀ Màmá Ẹlẹ́ja

Mo ti ń fà á sẹ́yìn, nítorí n kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo wá bá àgbàlagbà jà. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń yan, inú gọ́tà ni ìfun rẹ̀ sì ń lọ.

"Ẹ kú ìdáná, Mà."

"Ìwọ náà kú iṣẹ́ aró. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Mà. Ọ̀rọ̀ àwọn ológbò yìí ni."

"Wọn kì í ṣe tèmi o! Àwọn ni wọ́n ń fa àpò ẹja mi ya."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí àpò náà. Etí rẹ̀ ni wọ́n ti gé, wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé e. Mo sáré lọ mú aṣọ tiwa wá, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eyín kan náà ni. Wọ́n wò ó, wọ́n ju àtẹ sílẹ̀.

"Eku ni? Tí mo sì ń sọ òkò lu àwọn ológbò láti ọjọ́ yìí!"

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì olómọrí kan fún wọn, ₦6,500. Ìfun ẹja ń wọ inú rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ sì ń wá gbé e nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ igi ìdáná wọn ni abo pupa kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Èmi àti Màmá ń tu owó jọ kí dókítà ẹranko lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má bímọ mọ́, kó sì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí bí oṣù méjì ni ológbò fi ń gbé oyún, kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn ìbímọ kó tó tún gùn.

10. Owó àti ohun tí mo rí

Nẹ́ẹ̀tì kékeré ọ̀pá 5, ₦16,000. Sìmẹ́ńtì ìdajì àpò, ₦5,000. Kànìnkànìn onírin, ₦1,800. Tàkúté, ₦9,000. Dúrọ́ọ̀mù méjì, ₦22,000. Igi, hínjì àti káfíńtà, ₦7,500. Nẹ́ẹ̀tì adìẹ, ₦6,000. Páìpù, ₦4,500. Wẹ́dà, ₦12,000. Fínígà, ₦3,000. Bọ́kẹ́ẹ̀tì Màmá, ₦6,500. Káńfọ̀ àti bílíìṣì tó ṣòfò, ₦1,800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦95,100, n kò sì ka aṣọ mẹ́rin yẹn mọ́ ọn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí dúrọ́ọ̀mù àti ihò ògiri. Páìpù lè dúró.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Agẹmọ mo tún tẹ́ páálí méje náà síbi tí mo tẹ́ wọn sí tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ mo gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mẹ́fà nínú wọn mọ́. Lórí ti ẹ̀gbẹ́ òkìtì, ẹsẹ̀ ológbò kan wá láti apá ẹnu ọ̀nà, ó dé etí nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ kan tẹ eérú níbẹ̀, ó sì yí padà. Kò sí ìlà ìrù kankan. Ìyá mi nara, wọ́n ní kí n gbé ajere wá.